Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀ yín?

Bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá dá ọkọ̀ dúró láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó sí Àgọ́-Ìwòyè, ọjọ́ tó wà lára ìwé ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣé ìwé yìí ò tíì kọjá àkókò? Ṣé láísẹ́ǹsì dírẹ́bà ṣì ń ṣiṣẹ́? Bí ọjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, á dá ìwé padà, ọkọ̀ á sì máa lọ. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tó bá ti ń tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ gbà lọ́dọọdún ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe.

Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń wò lójú títì, ṣùgbọ́n orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé, ní àgọ́ ọlọ́pàá àti níwájú adájọ́. Ọkọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà wà ní Àríwá Ìjẹ̀bú àti Ògùn Waterside tí ìwé wọn pé pérépéré, àmọ́ tó jẹ́ pé orúkọ ẹni tó tà wọ́n lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ló ṣì wà nínú ìwé náà. Òmíràn ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni orúkọ náà ti jáde láyé. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àkókò tí a wà yìí kò ní jẹ́ kó ṣeé fi falẹ̀ mọ́.

Kí ló yí padà?

Láyé àtijọ́, ìwé tó wà nínú ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀rí. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1992 ni nọ́ḿbà ọkọ̀ di oríṣi kan náà káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2011. Díẹ̀díẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ń kúrò nínú fáìlì, tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Lónìí, nọ́ḿbà ọkọ̀ àti orúkọ ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wà nínú àkójọ FRSC tí wọ́n ń pè ní NVIS. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ní àkójọ tirẹ̀, NIID, tí ènìyàn lè fi fóònù yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú.

Àwọn ọlọ́pàá náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2024, wọ́n kéde pé láti ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé e-CMR, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦5,375. Àwọn aráàlú fárígá, àwọn ọlọ́pàá sì dá a dúró ná. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí kò ní ìnṣọ́ránsì kiri lójú títì. Ìnṣọ́ránsì ọ̀hún, tí ọkọ̀ àdáni ń san ₦5,000 fún tẹ́lẹ̀, ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní 2023.

Ẹ lè fara mọ́ àwọn òfin yìí, ẹ sì lè má fara mọ́ wọn. Ibi kan náà ni gbogbo wọn dorí kọ: ìwé ọwọ́ yín ti ń di òjìji ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá ní ẹlòmíràn ló ni ọkọ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kò lè jà á níyàn.

Ìwé wo ló ń jẹ́rìí sí kí ni?

Gbogbo ìwé ọkọ̀ la máa ń kó pọ̀ tí a ń pè ní pátíkúlà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ń sọ pé ẹ ti san owó ọdún fún ìjọba. Ìwé tí àwọn VIO ń fúnni ń sọ pé ọkọ̀ náà dára fún títì. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba ti ọkọ̀ àdáni, oṣù mẹ́fà mẹ́fà sì ni ti ọkọ̀ akérò. Ìnṣọ́ránsì ń sọ pé bí ọkọ̀ yín bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ilé iṣẹ́ kan yóò bá yín san owó. Láísẹ́ǹsì dírẹ́bà ń sọ pé ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ mọ ọkọ̀ wà. Ọdún mẹ́ta tàbí ọdún márùn-ún ló máa ń lò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ìkankan tó ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀.

Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni rísíìtì tí ẹ fi rà á, ìwé àdéhùn láàárín yín àti ẹni tó tà á, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, àti ìwé ẹ̀rí níní ọkọ̀ tí ìjọba ń fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkójọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í kọjá àkókò, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè wọn lójú títì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rántí wọn títí wọn yóò fi di àwátì.

Àwọn ará wa tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní V5C, òun ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń pè ní lọ́ọ̀gì-búùkù. Ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé náà, ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sì sọ pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni yẹn ló ni ọkọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ètò wọn fún wa. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ta ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tó tà á gan-an ló gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ DVLA létí, kó sì dárúkọ ẹni tó rà á. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó tà á gbà pé iṣẹ́ ẹni tó rà á ni, ẹni tó rà á sì gbà pé ọjọ́ ṣì ń bẹ níwájú. Ọkọ̀ á wá wà láàárín àwọn méjèèjì bí ọmọ tí kò ní bàbá.

Ọkọ̀ ń yí ọwọ́ padà, orúkọ dúró lójú kan

Ẹ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ lára nọ́ḿbà ọkọ̀ ló ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: KJA ni ti Ìkẹjà, EKY ni ti Etí-Ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra ọkọ̀ l'Ékòó, tí a sì ń mú un wálé pẹ̀lú nọ́ḿbà àti ìwé tí orúkọ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Bí ọdún bá yí po, a ó fún ajẹ́ńtì lówó, ajẹ́ńtì á tún ìwé gbà ní orúkọ kan náà. Kò béèrè, a kò sì sọ. Nígbà tó bá fi máa di ọdún márùn-ún, fóònù ẹni tó tà á kì í lọ mọ́, ilé tó ń gbé nígbà yẹn, ó ti kó kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Kútọnu wọlé tún ní ìṣòro tirẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà, bó ti wù kí nọ́ḿbà rẹ̀ máa dán tó, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ kò lè jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó dínwó, ẹjọ́ ló fowó ara rẹ̀ rà.

Ní Ògùn Waterside, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ló ṣe kókó jù. Láti Ìbíadé sí Abígì, títí dé àwọn abúlé etí omi níhà Ìwòpin, òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sóko, lọ sọ́jà, lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́kadà ló ra ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ gbà á lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní háyápọ́ṣẹ́ẹ̀sì. Olówó á tọ́jú ojúlówó ìwé, ọlọ́kadà á máa lo fótókọ́pì. Ìyẹn kò burú títí owó yóò fi pé. Ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá pé tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti pé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni wọ́n fi parí. Bí olówó bá wá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á rí ojúlówó ìwé nínú àpótí, wọ́n á sì fi gbogbo ọkàn gbà pé ọ̀kadà bàbá àwọn ni.

Ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń já

Ibi àkọ́kọ́ ni ìjàǹbá. Bí ọkọ̀ àdáni tó ní ìnṣọ́ránsì ₦15,000 bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, iye tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n bá ṣe àdéhùn. Bí ẹni náà bá ti ta ọkọ̀, ilé iṣẹ́ náà lè yarí pé àwọn kò mọ ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ti ń san owó ìnṣọ́ránsì láti ọdún pípẹ́ á wá máa fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe.

Ibi kejì ni ọ̀ràn dídá. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ ta ọkọ̀. Bí àwọn ìkà bá fi ọkọ̀ tí ẹ ti tà jalè tàbí jí ènìyàn gbé, nọ́ḿbà rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò tẹ̀lé, ẹnu ọ̀nà yín ni nọ́ḿbà náà yóò sì gbé wọn dé. Bí ẹ kò bá ní ìwé tó fi ọjọ́ tí ẹ tà á hàn àti orúkọ ẹni tí ẹ tà á fún, kí lẹ fẹ́ fi dáhùn?

Ibi kẹta ni ikú, òun ló sì ń tú ẹbí ká jù. Ẹ jẹ́ ká gbà pé bàbá kan tó ń ṣòwò gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó tà á fún un ló ṣì wà nínú ìwé. Èkejì, ó ti tà á fún dírẹ́bà rẹ̀, àmọ́ orúkọ bàbá ló ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá bá kú, tí àlfáà bá dé láti pín ogún, kí ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀? Bí wọ́n bá tẹ̀lé ìwé, wọn yóò pín ọkọ̀ dírẹ́bà mọ́ ogún, wọn yóò sì yọ ọkọ̀ bàbá sílẹ̀. Ohun tí kì í ṣe ti òkú kò ṣeé pín, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, títí kan àwọn opó àti àwọn ọmọbìnrin tí wọn kì í sábà mọ ohun tó wà nínú àpótí ìwé. Kó tó kan pínpín pàápàá, gbèsè àti wàsíyà ló ṣáájú. Báwo la ṣe fẹ́ mọ gbèsè tó wà lórí ọkọ̀ tí kò sí ìwé tó ń sọ ìtàn rẹ̀?

Ẹlòmíràn lè sọ pé owó lòun kà sílẹ̀, kì í ṣe àwìn, àti pé àyà 282 nínú Súrátúl-Bàkárà kò fi dandan lé kíkọ òwò ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé àyà náà, tó gùn jù nínú Àlùkùránì, fi ààyè sílẹ̀ fún òwò tí a ṣe lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àṣẹ ti wà pé kí ẹlẹ́rìí wà bí a bá ń tajà fún ara wa. Lójú tiwa, títa ọkọ̀ kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka owó tán. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ẹni tó tà á bá ṣì wà nínú ìwé, nǹkan ẹlòmíràn ló ṣì so mọ́ ọn lọ́rùn. Ohun tó jọ àmánà ni, àmánà sì gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Bí ìwé bá sọnù tàbí tó bàjẹ́

Òjò, ọ̀rinrin etí omi, eku àti ọwọ́ àwọn ọmọdé, gbogbo wọn ló ń ba ìwé jẹ́. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sáré lọ bá ajẹ́ńtì tó ń jókòó síwájú ọ́fíìsì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé sọnù, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí kóòtù láti búra, kí ẹ gba áfídáfíìtì. Ìwé méjèèjì yìí lẹ ó mú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà ọkọ̀, nọ́ḿbà ṣáásí àti nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì dírẹ́bà ló sọnù, orí ìkànnì láísẹ́ǹsì ti FRSC lẹ ti máa béèrè fún òmíràn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì lọ fún àwòrán àti ìka ọwọ́ bí wọ́n bá ní kí ẹ wá. Kò sí ajẹ́ńtì tó lè bá yín gbé ìka ọwọ́ lọ. Bó bá sì jẹ́ pátákó nọ́ḿbà ló já bọ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹni tó bá he é lè fi ṣe ohun tí ẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ẹni tí kò yí orúkọ padà ti máa ń há. Orúkọ ta ló fẹ́ fi búra? Òun kọ́ ló wà nínú àkójọ. Bó bá fi orúkọ ẹlòmíràn búra, ó ti búra èké. Bó bá fi orúkọ ara rẹ̀ búra, wọn yóò béèrè ìwé tó fi rà á, ìwé yẹn gan-an ló sì sọnù.

Ìdáàbòbò tó wà kò le. Ẹ ya ìwé sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó ń kọjá àkókò ni kó wà nínú ọkọ̀. Rísíìtì, ìwé àdéhùn àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ilé ni kí wọ́n wà, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ ya àwòrán gbogbo wọn sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ẹbí tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín ibi tí wọ́n wà.

Ìwé àkọsílẹ̀ dírẹ́bà

Ìwé mìíràn tún wà tí ìjọba kì í fúnni, àwa fúnra wa la máa kọ ọ́. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà, yálà ọkọ̀ gẹdú tàbí bọ́ọ̀sì tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde, yẹ kó ra ìwé kékeré kan sínú rẹ̀. Kí wọ́n máa kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n lọ, iye kìlómítà, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti táyà, àti ìtanràn tí wọ́n bá san pẹ̀lú rísíìtì rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni FRSC ti ní ètò kan fún àwọn tó ní ọkọ̀ márùn-ún sókè, pé kí wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó ààbò, kí wọ́n sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ dírẹ́bà àti ọkọ̀ wọn. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo kò sí lábẹ́ ètò náà, àmọ́ ànfààní rẹ̀ kò yọ ọ́ sílẹ̀. Bí bíréèkì bá já lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, ìwé kékeré yẹn ló máa sọ bóyá ẹni tó ni ọkọ̀ ni kò tún un ṣe ni, tàbí dírẹ́bà ló kọ̀ láti sọ.

Àwọn gáréèjì náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n máa kọ orúkọ èrò àti nọ́ḿbà fóònù mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí kò sí àkọsílẹ̀, òkú lè pẹ́ nílé ìgbókùúsí kí àwọn ẹbí tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ òkú Mùsùlùmí kò yẹ lóhun tí à ń fi falẹ̀.

Ìjọba náà ní tirẹ̀

A kò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru aráàlú. Ẹni tó ń gbé Ayédé-Lómiro, bó bá fẹ́ yí orúkọ padà lórí ọ̀kadà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ tó pàdánù, lè dẹ́rù bà á ju owó ìjọba gan-an lọ. Nígbà tí owó ń pọ̀ sí i lórí ìwé tuntun lọ́dọọdún, kò yani lẹ́nu pé ènìyàn máa san èyí tí wọ́n ń béèrè lójú títì, tí yóò sì pa èyí tí wọn kì í béèrè tì. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pàápàá kò yẹ kó kọjá ààyè wọn. Ní oṣù kẹwàá 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé kò sí òfin tó fún àwọn VIO olú-ìlú náà lágbára láti máa dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e tàbí láti bu owó ìtanràn lé onímọ́tò.

Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fún kò pọ̀. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ máa wá sí Abígì, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí wọ́n sì dín owó yíyí orúkọ padà kù fún sáà kan fún ọ̀kadà àti àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Bí orúkọ inú àkójọ bá péye, yóò rọrùn fún ìjọba fúnra rẹ̀ láti gba owó rẹ̀ àti láti mú ọ̀daràn.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Kí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun jímọ́ọ̀ pé kí olúkúlùkù lọ wo ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹni tó tà á fún un ṣì wà láàyè, kó wá a rí lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kó sì gba ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti ta ọkọ̀, kó pe ẹni tó rà á. Ọlọ́kadà tó ti san owó rẹ̀ tán, kó gba ìwé ìparí lọ́wọ́ olówó rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jọ ń kí ara wọn. Ìwé tí a kọ nígbà tí kò sí ìjà kì í gba àkókò rárá. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.